Ẹni Ẹlẹ́ni Ní Í Bá Ni Rí Ìpàkọ́ Ẹni
Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀. Ó kan ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó ní ìsọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó ń gbèrò láti ní i.

Nígbà tí ẹ bá jókòó ní ìsọ̀ yín lọ́jà, ojú yín ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà kan fọwọ́ kan aṣọ, ó béèrè iye, ó kọ̀yìn, ó ń lọ. Ẹ rí i, ẹ sì pè é padà: "Ẹ bọ̀, ẹ wá gbọ́ iye tí mo máa gbà!" Bí ibi tí ẹ tẹ́ aṣọ sí bá ṣókùnkùn, ẹ ó rí i bí ó ti ń gbé aṣọ náà jáde lọ wò ó nínú oòrùn. Ẹ ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ tún ibẹ̀ ṣe.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà wọlé láìkí yín. Ó wò yíká, kò yé e, ó jáde láìdágbére. Ẹ kò rí ojú rẹ̀, ẹ kò sì gbọ́ òṣé tí ó pa. Ohun tí ẹ̀yin rí kò ju pé ọjà kò tà.

Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà náà? Wọ́n á bi ọ̀rẹ́ àti ẹbí léèrè pé, "Ẹ bá mi wo ìsọ̀ mi tuntun yìí o. Ṣé ó dára?" Gbogbo wọn á sì dáhùn pé, "Ó dára gan-an! Ẹ kú oríire!" Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tàn yín jẹ. Ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n ń hù. Ta ni yóò lọ kí onílé tuntun, tí yóò sì sọ fún un pé ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́? Ọmọdé kò ní fẹ́ tàbùkù àgbà. Ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Òótọ́ korò, ìyìn sì dùn. Ṣùgbọ́n ìyìn kò ra aṣọ yáàdì kan rí.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ kò lè wò ó kí ẹ rí àbùkù rẹ̀ ni? Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin ti mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Bí ó tilẹ̀ fara sin, ọwọ́ yín yóò lọ bá a. Ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.

Báwo wá ni a ó ṣe rí òótọ́ gbà láìdójú ti ẹnikẹ́ni? Ọ̀nà rẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sọ́kàn: ẹ má ṣe bi ènìyàn bóyá ìsọ̀ yín dára. Ẹ rán an pé kí ó ra nǹkan níbẹ̀, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu lè pọ́n yín lé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò rí ibi tí yóò tẹ̀ kò mọ irọ́ pa.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ A PÈ

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a máa pè é ní Ìyá Aládìrẹ. Kí a sọ pé ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, àti pé ẹnì kan ti bá a ṣe ìsọ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti sanwó iṣẹ́, àwọn ènìyàn sì ń wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í rà. Àwọn wo ni kí ó pè?

Kí ó má pe ọmọ rẹ̀. Kí ó má pe ẹni tí ó bá a ṣe iṣẹ́ náà. Kí ó pe irú àwọn tí ó lè ra aṣọ rẹ̀ ní tòótọ́: ìyá ìyàwó ní Ìbàdàn tí ó ń wá aṣọ ẹbí, olùkọ́ tí ó fẹ́ràn láti máa wọ àdìrẹ lọ síbi iṣẹ́, ọmọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò lè fọwọ́ kan aṣọ kí ó tó rà á. Ẹni ti Lọ́ńdọ̀nù lè fi ojú fóònù rẹ̀ hàn án láti ọ̀hún, bí wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀.

Ènìyàn mélòó ni? Wọn kò ní láti pọ̀. Jakob Nielsen, ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ènìyàn 5 tó. Ìṣirò tí òun àti Tom Landauer gbé jáde ní ọdún 1993 ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé. Nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, bí àbùkù bá jẹ́ 100, ẹnì kan ṣoṣo á fi nǹkan bí 31 hàn. Ènìyàn 5 á fi nǹkan bí 85 hàn. Nielsen ní bí agbára bá wà láti pe ènìyàn 15, ó sàn kí a pín wọn sí ọ̀nà 3. Kí 5 wò ó, kí a tún un ṣe. Kí 5 mìíràn wò ó, kí a tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún 5 tí ó kù.

IṢẸ́ TÍ A Ó RÁN WỌN

Kí ó pe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pé jọ, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ ni àwọn yòókù á máa gbè. Kí oníkálukú lo fóònù tirẹ̀, nítorí pé ohun tí ó hàn kedere lórí fóònù ńlá lè má hàn lórí kékeré. Kí ó wá sọ báyìí pé:

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ìsọ̀ yìí ni à ń dán wò o, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí nǹkan kan bá rú yín lójú, ìsọ̀ ni ó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ fẹ́ ra àdìrẹ aláró yáàdì 5, kí ó sì dé Ìbàdàn kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Ẹ rà á bí ẹ ti máa ń rajà. Ohun tí ó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ máa sọ ọ́ síta."

Sísọ ọkàn ẹni síta yìí kì í ṣe eré. Clayton Lewis, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1982. Òun ni ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tí ènìyàn ń rò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn náà, kí Ìyá Aládìrẹ pa ẹnu mọ́. Níbí gan-an ni iṣẹ́ ti le! Ẹnu á máa yún un láti sọ pé, "Ó wà lápá ọ̀tún, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Kí ó gbé e mì. Ìgbà tí oníbàárà bá dá wà nínú ilé rẹ̀, ta ni yóò nawọ́ sí i fún un? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè lọ:

"Ẹ̀yin ìyá, níbo ni mo ti máa tẹ̀ báyìí?"

"Níbo ni ẹ̀yin rò pé ó yẹ kí ó wà?"

"Èmi rò pé ìsàlẹ̀ àwòrán aṣọ yìí ni."

"Ẹ ṣe é bí ẹ ti rò ó."

"Háà! Ó tún ti gbé mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ilé ni mo wà, mi ò bá ti kúrò níbí."

Ṣé ẹ gbọ́ gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn? Góòlù ni. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, kí ó má tún un sọ lọ́nà tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó Ń MÚ ÒÓTỌ́ JÁDE

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó bi wọ́n ní ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí ó má bi wọ́n ní ohun tí wọn yóò ṣe lọ́la. Bí ó bá ní, "Ṣé ẹ ó máa ra aṣọ níbí?" wọn á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," nítorí ojú. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè pé:

"Níbo ni ọkàn yín ti kọ́kọ́ ṣiyèméjì?"

"Kí ni ẹ wá tí ẹ kò rí?"

"Ìgbà tí ẹ ra nǹkan lórí fóònù kẹ́yìn, báwo ni ẹ ṣe rà á?"

Àwọn tí ó sì ti ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kí ó kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp: "Ẹ ṣeun tí ẹ ra ọjà wa. Kí ni ó kù díẹ̀ kí ó dí yín lọ́wọ́ láti rà á?" Ìbéèrè yìí ti gbà pé nǹkan kan wà. Nítorí náà, kò ti ènìyàn lójú láti dáhùn.

Bí wọ́n bá sọ àbùkù, kí ó má wí àwíjàre. Kí ó má sọ pé, "Ẹ̀yin ni ẹ kò wò ó dáadáa." Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ òótọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó kù?"

ILÉ ÌTAJÀ TÍ Ó Ń LÉ ONÍBÀÁRÀ

Bóyá ẹnì kan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tí Jared Spool, ará Amẹ́ríkà kan, kọ ní ọdún 2009. Kò dárúkọ ilé ìtajà náà, ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá ni. Bí ènìyàn bá ti mú ọjà tán, tí ó fẹ́ sanwó, wọ́n á ní kí ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì fi páásíwọọ̀dù sí i. Àwọn onílé rò pé oore ni àwọn ń ṣe: ẹni tí ó bá padà wá kò ní tún máa kọ àdírẹ́sì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti àwọn tí ó ń rajà, kí ni wọ́n rí? Inú bí àwọn tí ó jẹ́ àlejò: ọjà ni wọ́n wá rà, wọn kò wá di ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tí ó sì ti wá rí, ọ̀pọ̀ wọn ti gbàgbé páásíwọọ̀dù. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé wò, nínú oníbàárà 100, àwọn 45 ni ó ti forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lójoojúmọ́, nǹkan bí 160,000 ènìyàn ń béèrè páásíwọọ̀dù tí wọ́n gbàgbé, mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn kò sì padà wá parí ọjà náà mọ́.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀ kúrò, wọ́n fi èyí tí ó ní "Ẹ máa bá a lọ" sí i. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò di dandan kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ kí ó tó rajà. Ó parí. Àwọn tí ó ń rajà fi ìdá 45 nínú 100 pọ̀ sí i, owó tí ó sì wọlé lé e ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ká ní wọ́n bi àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé, "Ṣé ó dára?" ṣé wọ́n á mọ̀?

ÀTÚNṢE

Kí Ìyá Aládìrẹ wá tẹ́ ohun tí ó kọ sílẹ̀, kí ó sì kà á. Ibi tí ènìyàn 3 nínú 5 ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ẹnì kan bá sì ní àwọ̀ pupa kò wu òun, ìyẹn lè dúró. Kí ó rántí pé ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á, ṣùgbọ́n ṣobàtà ni ó mọ bí a ti ń tún un ṣe. Kí ó gba ìròyìn ìrora lọ́wọ́ oníbàárà, kí òun àti oníṣẹ́ rẹ̀ sì wá oògùn rẹ̀.

Bóyá ohun tí yóò rí ni pé owó ìkẹ́rù kò hàn títí di ìgbà tí a fẹ́ sanwó, tàbí pé náírà nìkan ni ẹni ti Lọ́ńdọ̀nù rí. Ilé ìwádìí Baymard, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, kó ìwádìí tí ó ju 40 jọ, wọ́n sì rí i pé nínú ènìyàn 10 tí ó kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 7 kì í sanwó. Àwọn kan ń wo ọjà lásán ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ní ìdí mìíràn, owó tí wọ́n fi lé orí ọjà, bí owó ìkẹ́rù, ni wọ́n dárúkọ jùlọ.

Ìkìlọ̀ 2 ni ó kù. Èkínní, ẹ má ṣe fi owó ra ìyìn. Ẹ lè fún ẹni tí ó wá ní owó dátà àti ẹ̀bùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ iye kan náà, ìbáà yìn yín, ìbáà bá yín wí. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù October ọdún 2024, òfin kò gbà kí oníṣòwò sanwó fún ènìyàn nítorí kí ó lè kọ ọ̀rọ̀ rere nípa ọjà rẹ̀. Èkejì, ẹ má ṣe ya àwòrán ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tí ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Nọ́ńbà káàdì báńkì sì jẹ́ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tẹ̀ nígbà ìdánwò.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ ìsọ̀ yín rí. Ẹ rán an ní ọjà kan. Ẹ jókòó tì í, ẹ mú ìwé àti bírò dání, ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ohun tí ẹ ó rí lè má dùn mọ́ yín nínú, ṣùgbọ́n òun ni ó lè mú kí ẹni tí ó ń jáde láìdágbére dúró, kí ó sì ra nǹkan.

Kí ọjà yín ó tà, kí èrè ó wọlé.