Bó Pẹ́ Bó Yá, Akólòlò Yóò Pe Baba: Èrè Tí Ń Bẹ Nínú Títọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Ọmọdé



Àwọn tí wọ́n pè mí ní kí n wá sọ èrè tí ń bẹ nínú iṣẹ́ mi. Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé ni mo ń pe ara mi. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tí ń kólòlò, ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là láti inú oyún, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá. Bí ó bá ṣe pé èrè owó ni ẹ ń béèrè, ọ̀rọ̀ mi ì bá parí síhìn-ín. Èrè mìíràn ni mo fẹ́ sọ, n ó sì fi ìtàn ọmọ kan gbè é lẹ́sẹ̀.

Kí ìtàn náà tó lè yé wa, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo bí èdè wa ti rí. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni Yorùbá ní, fáwẹ̀lì àìránmúpè 7, àti ohùn 3: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ohùn ni ó ya ọkọ obìnrin kúrò lára ọkọ́ àgbẹ̀, òun náà ni ó ya ọkọ̀ ojú omi kúrò lára ọ̀kọ̀ jagunjagun. Inú gògóńgò ni ohùn ti ń wá; ètè, ahọ́n àti àjà ẹnu ni ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì ń lò. Nítorí náà, ẹnu lè ní àbùkù kí ohùn má ní. Dùndún kò ní ètè, kò ní ahọ́n, síbẹ̀ ó ń ki ọba, ọba sì ń gbọ́.

Ọmọkùnrin tí mo ń wí ń lọ sí ọdún mẹ́rin nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti rán àjà ẹnu rẹ̀ tí ó là, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti pe b, a ní láti pa ètè dé, kí ẹ̀yìn àjà ẹnu sì gbéra láti dí ọ̀nà imú, kí èémí lè kó jọ sẹ́nu kí ó tó tú jáde. Bí àjà bá là, èémí a gba imú lọ, b a sì di m. Iṣẹ́ abẹ lè dí ihò náà, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí kò ṣe rí. Nítorí èyí, bí ọmọ yìí bá fẹ́ pe bàbá rẹ̀, "màmá" ni ó ń jáde. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, ó pé gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n "màmá" ni. Bàbá náà kì í bínú, kì í sì í dáhùn.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́, àwọn ọmọ tiwọn ni wọ́n sì rò tí wọ́n fi kọ ọ́. Iye kọ́ńsónáǹtì tí ọmọ pè dáadáa ni wọ́n kọ́ mi láti máa kà. Mo ka ti ọmọ yìí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́, èmi ń gbọ́." Àwọn àgbà ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi. Mo ti rò pé ìfẹ́ abiyamọ nìkan ni òwe náà ń sọ. Obìnrin yìí fi hàn mí pé ìmọ̀ wà nínú rẹ̀: ohùn ni ó ń fetí sí, bí a ti ń fetí sí ìlù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ohun tí ọmọ ní sílẹ̀ kí n tó kọ ohun tí kò ní. Ohùn tí ó pé náà ni a fi ṣe ìpìlẹ̀. N ó pe ọ̀rọ̀, òun náà á pè é, n ó rọra fi ìka pa imú rẹ̀ dé kí èémí lè gba ẹnu. Nígbà mìíràn, a ó gbé dígí kékeré sábẹ́ imú rẹ̀: bí kùrukùru bá bo dígí, èémí ti gba imú nìyẹn. Eré ni lójú ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ń bá a ṣe é nílé láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ó gbà wá ní oṣù méje. Ní ọjọ́ kan, bàbá ni ó mú un wá. Ọmọ náà rí dígí lórí tábìlì, ó fa aṣọ bàbá rẹ̀ kí ó lè wò ó, ó ní, "Bàbá." Ọkùnrin náà ní, "Hin-in?" bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni ó tó yí padà, tí ó bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo wọn ní í rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ di pátápátá lè má sọ̀rọ̀ láéláé. Èdè ọwọ́ ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kí ó má baà dàgbà láìní èdè kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kólòlò láàárín ọdún méjì sí márùn-ún ni yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra wọn; iṣẹ́ tiwa ni láti rọ òbí kí wọ́n má na ọmọ, kí wọ́n má sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba, bí baba bá lè dúró gbọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀, òṣùwọ̀n tí a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá wò ní èdè rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún 6 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Èdè tí ó tó fi kọ́ ìṣirò tó fi tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ wá bá wa ṣe é. Èrè tí èmi rí nìyí: mo gbà láti la ẹnu ọmọ, ìyá ọmọ sì là mí létí.