Kẹ̀kẹ́ Raleigh Lẹ́sẹ̀ Òkè Mápó

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò òkèèrè kan tó yí ìgbé ayé Ìbàdàn padà. Mo mọ̀ pé rélùwéè tó dé ibí ní 1901 lẹ ń retí, àbí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1959, tí a kì í jẹ́ kí àlejò kankan gbàgbé. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá o. Raleigh gan-an sì ni.

Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá rí ògbólógbòó kan tí wọ́n gbé ti ògiri nínú agbolé ní Bẹyẹrunka, iwájú rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò, kí n lè rí ẹyẹ àkọ̀ tí wọ́n fi ṣe àmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà n óò bẹ̀rẹ̀, n óò wo irin róbótó tó ń fa ṣéènì. Bó bá jẹ́ Raleigh, orí ẹyẹ yẹn ni wọ́n gé sára irin náà. Bó bá jẹ́ Rudge, ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Humber, àwọn ènìyàn kéékèèké ló tò yípo. Inú ń dùn mí láti rí ọwọ́ oníṣẹ́ lára irin tí ẹrẹ̀ yóò bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ bá gùn ún lọ sí abà. Ṣùgbọ́n mo tún ní ìbínú sí i, ohun kan náà ló sì fa ìfẹ́ àti ìbínú náà: agídí ẹni tó ṣe é.

Frank Bowden ni orúkọ ọ̀gá náà. Ó ti rí owó ní Hong Kong kí àìsàn tó gbé e dè, kẹ̀kẹ́ gígùn ló sì fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn. Ní 1888 ó gba iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń ṣe ní òpópónà Raleigh ní ìlú Nottingham, ó sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ńlá. Ìlànà wọn kò ṣòro sọ: irin ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, kó nípọn, kó pẹ́, kó sì jẹ́ pé inú ọgbà wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Wọ́n tún ra àwọn tó ń bá wọn du ọjà: orúkọ Humber ní 1932, Rudge ní 1943, Triumph ní 1954, BSA ní 1957. Nígbà tó di 1960, Hercules àti Phillips náà ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú wọn. Ẹ wá ronú nípa àwọn bàbá wa tí wọ́n ń jiyàn títí di alẹ́ pé ẹni tó mọyì ara rẹ̀ kì í gun Hercules. Àpò kan náà ni owó oníHercules àti ti oníRaleigh ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bíréèkì, nítorí ibẹ̀ ni agídí yìí ti hàn jù. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í lo wáyà. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti abẹ́ háńdù sọ̀kalẹ̀. Bí o bá fún ọwọ́ bíréèkì, ọ̀pá náà á fa rọ́bà méjì sókè mọ́ inú ríìmù láti ìsàlẹ̀. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ríìmù kọ́ ló ń dì mú, bí ríìmù bá tilẹ̀ wọ́, bíréèkì á ṣì ṣiṣẹ́. Wáyà tó bá já, ẹ ó ra òmíràn. Ọ̀pá tó bá tẹ̀, òòlù alágbẹ̀dẹ ti tó. Fún ẹni tí abà rẹ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, ọgbọ́n gidi nìyẹn, mo sì kan sáárá sí i.

Kí òjò wá rọ̀. Irin dídán ni ríìmù náà. Bí omi bá ti kàn án, yíyọ̀ ni rọ́bà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Àpò kòkó kan lé ní ọgọ́ta kílò, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún. Ẹni tó bá ti Mápó sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba nínú òjò pẹ̀lú ẹrù bẹ́ẹ̀, bàtà rẹ̀ ni yóò fi ṣe bíréèkì. Ọ̀gbẹ́ni Bowden kò lè sọ pé òun kò mọ òjò, ọmọ Ìlú Òyìnbó ni! Sturmey-Archer, tó jẹ́ ti Raleigh fúnra rẹ̀, ti ń ṣe bíréèkì tó wà nínú àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, níbi tí omi kì í dé, láti nǹkan bí 1930 síwájú. Láti 1902 ni jíà mẹ́ta sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó dé ọjà Gbági kò ní èyí, kò ní tọ̀hún. Bí àgbẹ̀ bá ti abà dé ẹsẹ̀ òkè, títì ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ tó rà láti máa gùn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá fi jíà sí i, owó rẹ̀ á kọjá agbára àgbẹ̀, ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Òótọ́ wà níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọn kò fún wa láyè láti yàn. Ní nǹkan bí 1951, nígbà tí wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ tó mílíọ̀nù kan lọ́dún, ènìyàn dúdú tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kà sí ẹni tí férémù dúdú gíga, ínǹṣì 22 tàbí 24, yóò tẹ́ lọ́rùn láéláé. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ fi ara wọn kọ èrò yẹn: wọ́n á ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ ọ̀pá àárín, wọ́n á máa wà á ní ẹ̀gbẹ́, ara wọn á wọ́, kẹ̀kẹ́ á wọ́, wọ́n á sì dé Bẹẹrẹ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù kéré lójú. Ìlà tí wọ́n gé sára bóòtù níbi orí kẹ̀kẹ́ àti níbi tí irin pẹ́dà ti gba inú férémù kọjá, 24 nínú ínǹṣì kan ni ti àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ní Bírítéènì. Raleigh ní tòun jẹ́ 26. Bí ìlà yẹn bá jẹ, o ò lè mú ti ẹlòmíràn sí i, àfi ti Raleigh. Ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ kó lè pẹ́ ju olówó rẹ̀ lọ náà ló tún fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa mọ́ sí Nottingham.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń yin Raleigh pé kì í bàjẹ́, mo máa ń bi í pé ta ni kò jẹ́ kó bàjẹ́. Boníkẹ́, ìyẹn atúnkẹ̀kẹ́ṣe abẹ́ ibòòji, ni. Òun ló ń fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ wé bóòtù tí ìlà rẹ̀ ti jẹ títí yóò fi mú. Òun ló ń fa túbù jáde láti ẹ̀gbẹ́ kó lè lẹ̀ ẹ́ láìtú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí pé páànù tó bo ṣéènì, tó dára púpọ̀ fún oníṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀, ìyà ni fún ẹni tó bá fẹ́ tú u. Nígbà tó bá sú u, á yọ páànù náà sọnù pátápátá. Kò sí ẹni tó kọ ọgbọ́n wọ̀nyí ránṣẹ́ sí Nottingham, Nottingham kò sì béèrè. Kódà nígbà tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Kano ni wọ́n kọ́ ọ sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ní 1975, ọ̀dọ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀dọ̀ alùpùpù Honda àti Suzuki lọ. Ní 2002 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ Nottingham fúnra rẹ̀ pa. Àwọn kẹ̀kẹ́ tó kù níhìn-ín wà lẹ́yìn ìyàrá àti nínú àkíṣà, bíréèkì ọ̀pá irin wọn ṣì ń ṣí, ó ṣì ń pa dé.

Ìbéèrè yá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní Rudge nílé, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin ṣéènì, tó ń ronú àtità fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kó jọ̀ọ́ rí mi kó tó jáde ní gbọ̀ngàn yìí.