Kámpù Kì Í Ṣe Orúkọ Abúlé

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí àti gbogbo ọmọ Oòduà tó pé sí Houston lónìí, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí èdè àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan ṣoṣo ni mo gbé wá: kámpù.

Lọ́dún èṣí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbàfò pe ọmọ rẹ̀ ní ìlú yín yìí, ó béèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ó wà ní kámpù. Màmá bọ́ sí ojúde, ó ké halelúyà, ó sì gbààwẹ̀ láti fi ti ọmọ lẹ́yìn, àfi ìgbà tí fọ́tò dé orí fóònù, tí a rí ọmọkùnrin náà nínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà. Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tí ìjọ Redeemed ti ra ilẹ̀ lẹ́bàá Mówé ní 1983, kámpù kan ṣoṣo, ti ìjọ náà, ló wà lẹ́nu àwọn kọ̀ndọ́ tó ń pèrò ní ibùdókọ̀ Bẹ́gà l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ ni kámpù agùnbánirọ̀ wà ní Ṣàgámù, tí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Kámpù sì wà ní Abẹ́òkúta lọ́nà yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀.

Àwọn ará Róòmù ló ni gbòǹgbò rẹ̀: campus ni wọ́n ń pe pápá gbalasa tí ọmọ ogun wọn ti ń kọ́ ìjà, ó sì ti ibẹ̀ di ibi tí ogun pàgọ́ sí, kí ó tó gba Ítálì àti Faransé wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Princeton sọ campus di ọgbà ilé-ẹ̀kọ́; ìsọjí Cane Ridge ní Kentucky, lọ́dún 1801, wà lára ohun tó sọ kámpù di ti onígbàgbọ́; ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì fi orúkọ kan náà pe ọgbà ìyà tí wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ àwọn Boer sí ní Gúúsù Áfíríkà. Ìtumọ̀ kan tún wà, ti aláṣerégèé tó ń ṣe bí òṣèré orí ìtàgé. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ibi tí ìyẹn ti wá.

Pápá, lẹ́yìn náà ibùdó ogun! Kí wá ni Ìbàdàn bí kò ṣe Ẹ̀bá Ọ̀dàn, níbi tí ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ gúnlẹ̀ sí ní 1829, tí àwọn baba wa Ẹ̀gbá fi bọ́ sí abẹ́ àpáta Olúmọ lọ́dún kejì? Ibùdó ni wọ́n pè é. Ibùdó náà ni wọ́n pe ibi tí wọ́n pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjí. Wọn kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

N kò bá ìjọ kankan jà. City ni Kámpù Redeemed gan-an ń jẹ́ báyìí, ẹ̀yin lẹ kù sẹ́yìn. Mo di ìwé ilẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ yín kan mú ní Mówé: ‘Off Camp, Phase 2’ ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ abúlé baba arúgbó tó tẹ̀ka sí i nísàlẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; ilé wo lẹ wò? Ẹ̀yin ará Ìfọ̀, ẹ yéé rẹ́rìn-ín, jọ́ńṣọ̀n reluwé lẹ fi ń júwe ilé tiyín.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Obì tèmi ti tán. Mo rí àwòrán géètì tí ẹ yà fún ilẹ̀ ẹgbẹ́ ní Mówé, CAMP lẹ kọ gàdàgbà sí i. Ẹ pa á rẹ́! Kí akọ̀wé pe baálẹ̀ lónìí, kí ó béèrè ohun tí ilẹ̀ náà ń jẹ́ kí owó yín tó dé ibẹ̀. Títí dìgbà náà, owó tí mo ṣèlérí fún ògiri ọgbà wà lápò mi, ẹ kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.