ÌṢE OLÙKỌ́ NI Ẹ̀KỌ́ NÍ ILÉ-ÌWÒSÀN



Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní olùkọ́ méjì: ìwé rẹ̀, àti àgbà tí ó ń tẹ̀ lé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Bí ìwé bá ní kí á fọ ọwọ́, tí àgbà kò sì fọ̀ ọ́, ti àgbà ni ọmọ yóò ṣe.

Ẹ wo ilé-ìwòsàn ńlá ìlú Vienna ní ọdún 1847. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ a máa yẹ òkú wò, wọn a sì ti ibẹ̀ lọ gbẹ̀bí. Ní oṣù kẹrin, nǹkan bí 18 nínú 100 abiyamọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ó kú. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, tí kì í fọwọ́ kan òkú, ikú kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún, Dókítà Ignaz Semmelweis pàṣẹ pé kí tọ̀gá-tọmọṣẹ́ máa fi omi kúlórínì fọ ọwọ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ikú ti dín kù sí nǹkan bí 2 nínú 100.

Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọ̀gá ni wọ́n ń ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fọ ọwọ́ lójú ọmọ. Ẹ kí aláìsàn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ yan àwòkọ́ṣe yín, nítorí àwọn àbúrò ń wo ẹ̀yin náà.