Ilé Tuntun Níwájú Àgbà

Ẹ mọ ohun tí mùsíọ́ọ̀mù jẹ́, ẹ sì mọ àwókù ayé àtijọ́, n kò ní í dá yín dúró lórí ìyẹn. Ìbéèrè mi ni pé, bí a bá fẹ́ kọ́ ìkíní sí ìtòsí ìkejì, báwo ni ilé tuntun náà yóò ṣe jókòó?

Ìjà wa lórí rẹ̀ ti pẹ́. Àwọn ojúgbà mi kan ní bí àgbà bá lópó, kí ilé tuntun náà lópó. Mo ti ń ta kò wọ́n láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Wọ́n gbàgbé pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an la sì ń lọ wò.

Ẹ jẹ́ ká dé Áténì. Bernard Tschumi ló yàwòrán Mùsíọ́ọ̀mù Akirópólísì tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2009. Parthenon, tẹ́ḿpìlì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 447 ṣáájú ìbí Kristi, wà lórí òkè, nǹkan bí 300 mítà sí i. Tschumi kò ṣe ayédèrú rẹ̀: kọnkéré, irin àti gíláàsì ló lò. Àdúgbò àtijọ́ kan wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Orí òpó ni wọ́n gbé ilé lé, kí ó má baà run ún. Ẹ óò máa rìn lórí gíláàsì, ẹ óò sì máa wo ojúlé àwọn òkú ọjọ́ pípẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Àjà òkè pátápátá ni tèmi. Wọ́n fi díígírì 23 yí i kúrò lójú ibi tí ìsàlẹ̀ kọ sí, kí òun àti Parthenon lè jọ kọjú sí ibì kan náà. Òkúta gbígbẹ́ tó yí tẹ́ḿpìlì náà ká, tó gùn tó 160 mítà, ni wọ́n tò síbẹ̀ bó ṣe wà látijọ́. Èyí tí Lord Elgin kó lọ, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rà fún British Museum ní 1816, àwòṣe POP ni wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀. POP tí ẹ fi ń ṣe àjà pálọ̀ yín! Òkúta gidi ti di pupa rúsúrúsú. Funfun POP náà sì ń pe olè lólè. Àwọn tó ń sọ pé Áténì kò níbi tí yóò kó o sí, ẹ wá wò ó. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá: orí idẹ kan nínú àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, wà ní British Museum yẹn kan náà.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, tí ẹ ń fi fóònù ya ojú pátákó, fọ́tò kò lè sọ ibi tí ilé kọjú sí fún yín. Láyé ìgbà tí mo ń kọ́ni, kọ́ńpáàsì ni mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kó tó mú pẹ́ńsù.

Alága ti ń na aago sí mi. Ní Mérida, ní Sípéènì, Rafael Moneo fi bíríkì bíi ti ará Róòmù kọ́ mùsíọ́ọ̀mù tirẹ̀, àwọn alátakò mi sì máa ń fi í dá mi lẹ́kun. Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé: ògiri rẹ̀ dábùú àwókù Róòmù ni, kò bá a tò.

Ní Gísà, ògiri mùsíọ́ọ̀mù ńlá tuntun na ojú sí àwọn píràmíìdì. Ó tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé, bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún yín nítòsí ààfin tàbí odi ìlú, ẹ bá mi kọ òpó ayédèrú.