Abẹ́ Ọdán Kan Náà: Ìbátan Àwọn Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Nípa Ìgbafẹ́



Bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí ní abúlé kan ní Akínyẹlé tàbí Lágelú, ní agbègbè Ìbàdàn, tí àgbẹ̀ ti gbé ọkọ́ sílẹ̀, abẹ́ ọdán ni ẹ ó ti bá a nídìí ọpọ́n ayò, níbi tí ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ti kó ọ̀ta, ọ̀pẹ àti òǹwòran jọ; àgbàlagbà tí ọ̀ràn wúwo lọ́kàn rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, ọmọdé tó dúró tì wọ́n a mọ ìṣirò láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́, àlejò tó ń kọjá lọ a yà, a mu omi, a gbọ́ ìtàn ìlú.

Ta ló ni ọpọ́n yìí nínú àwa ọ̀mọ̀wé nípa ìgbafẹ́? Onímọ̀ eré ìdárayá yóò ní tòun ni, nítorí ìdíje wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi eré wo aláìsàn yóò ní tòun ni, nítorí ó ń tu ọkàn lára. Onímọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ yóò nàka sí àlejò. Ẹni tó sì kọ́ nípa ọgbà ìgbafẹ́ yóò ní bí kò bá sí ibòji ọdán, ta ni ìbá jókòó? Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a kò sì rí ọ̀nà tó lè gbé ọjà lọ sílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àwọn aláìsàn ọpọlọ, mọ èyí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, kò há gbogbo àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́ inú ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé ni ó fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sí, àwọn pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa padà sáàrin ayé tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní iṣẹ́ dókítà nìkan kò rí i tán: ìgbé ayé abúlé fúnra rẹ̀ wà lára oògùn náà.

Ẹ tún wo ilẹ̀ IITA, lọ́nà Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Nítorí irè oko ni wọ́n ṣe gba ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n dá sí níbẹ̀ di ibùgbé fún ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ fi Ìbàdàn sọ lórúkọ, èyí tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Igbó ni ó pe àlejò. Àlejò ni ó sì ń jẹ́ kí onílé mọ̀ pé igbó òun níyì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ilẹ̀ ti ń di títà ní Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, tí ilé ń gba ipò oko, ọdán kì í pẹ́ kí wọ́n tó gé e, a kò sì rí onímọ̀ kan tó dìde pé tòun ni. Mo bẹ ẹ̀yin baálẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀: kí ẹ tó ta okùn sílẹ̀ láti wọn ilẹ̀ ilé, ẹ kọ́kọ́ ya ojúde abúlé sọ́tọ̀, kí ẹ sì dá ọdán ibẹ̀ sí.