Ìgbàgbé Ọjọ́ Ogbó: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Ọ́ Síta Kó Tó Pẹ́ Jù

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ wúwo nínú ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò yìí, bẹ́ẹ̀ a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni.

Ìlú Festac wa ní Èkó yìí fúnra rẹ̀ ti ń dàgbà. Wọ́n kọ́ ọ láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún ńlá iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977 tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba fi ìbò pín àwọn ilé náà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gba kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ síbẹ̀ ti wà ní London, ní Houston, ní Toronto. Nínú ilé tí ariwo ọmọdé kún nígbà kan, ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló kù. Bí ìgbàgbé bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ fura?

Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ. Àìsàn ni ìgbàgbé tó bá ti ń ba ayé àgbà jẹ́. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé ọjọ́ orí ni, a kò sì gbọdọ̀ pè é ní àjẹ́. Bí a bá tètè sọ ọ́ síta, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣeé ṣe sí i.

Èyí tí kò tó ẹ̀rù bà, àti èyí tó tó o

Gbogbo wa là ń gbàgbé. Bí bàbá bá wá awò ojú wọn títí kí wọ́n tó rí i, bí màmá bá pe orúkọ ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó kan ti ẹni tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́, bí orúkọ ọ̀rẹ́ kan bá sá mọ́ni lẹ́nu lọ́sàn-án tó sì padà dé lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má jáyà. Ọpọlọ àgbà kì í yá bíi ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ó ń débi tó ń lọ.

Èyí tó yẹ kí a fura sí ni ti ẹni tó ti ń se ọbẹ̀ láti ogójì ọdún, tó din ata tán tí kò mọ ohun tó kàn mọ́. Ẹni tó san owó iná kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó béèrè ohun kan, tí a dá a lóhùn, tó tún béèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó lọ sí ọjà Agboju tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní Festac níbí, nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ òpópónà ń jẹ́, kúlóòsì kan sì jọ èkejì. Ẹni tí nọ́ńbà bá ti sọnù lọ́kàn rẹ̀ lè rìn yí ilé ara rẹ̀ ká láì dá a mọ̀.

Ohun kan ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Màmá tí kò rántí pé àwọn jẹun láàárọ̀ yóò ròyìn ọdún 1977 fún yín, aṣọ tí wọ́n dá, orin tí wọ́n gbọ́, ẹni tó bá wọn jó. Àwọn mìíràn á ní ìyá náà ń díbọ́n. Kò sí ìdíbọ́n níbẹ̀. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ tuntun wọlé kó tó di ohun tí a tọ́jú pamọ́. Nínú àrùn Alzheimer, apá yìí wà lára ibi tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ti àtijọ́ ti wà ní ìpamọ́. Ti òní ni kò rọ́nà wọlé.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló ṣàlàyé àrùn yìí ní ọdún 1906, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn àrùn tó ń fa ìparun iyè tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dementia. Èyí tó tẹ̀ lé e ń wá láti ara ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ọpọlọ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tí dementia ń bá jà lágbàáyé tó mílíọ̀nù 57 ní ọdún 2021, iye tó ju ìdajì wọn lọ ló sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ bíi tiwa.

Ohun tí Ìdíkàn fi hàn

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan pa pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú níhìn-ín, Hugh Hendrie ṣáájú lọ́hùn-ún. Nígbà tí Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Adéṣọlá Ògúnníyì, Oyè Gúrèjé, Olúṣẹ́gun Báíyéwù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí gbogbo ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ọ̀pọ̀ kò lọ sílé ẹ̀kọ́, nítorí náà ìbéèrè tí wọ́n ń bi wọ́n ní èdè Yorùbá kò gbára lé ìwé kíkà. Wọ́n sì tún ń bi ẹbí kan léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe ní ilé. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń bá àgbà gbé ló mọ̀ bí nǹkan bá ti yí padà.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1995 ya ayé lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà ló ní dementia. Láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Indianapolis ní Indiana, níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí kan náà, ó jẹ́ ìdá 8.24. Ní 2001 wọ́n tún fi hàn pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dọọdún jẹ́ ìdá 1.35 níbí, ìdá 3.24 lọ́hùn-ún. Èròjà ìran kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, èyí tó ń mú kí ewu Alzheimer ga láàárín àwọn ènìyàn funfun, wọ́pọ̀ láàárín àwọn Yorùbá náà, àmọ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára wọn. Àwọn ará Ìdíkàn kò sanra tó àwọn ti Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà kò pọ̀ láàárín wọn tó ti ọ̀hún.

Ẹ̀yin ará mi, kí a má fi èsì yìí sùn. Ìdíkàn ìgbà náà kọ́ ni Festac òní. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyẹn fi ń rìn. Àwa ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Mile 2 dé Mazamaza, a ń dé ilé lálẹ́, a ń jẹun wúwo, a sì ń sùn lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ inú ilé wa. Bí ìgbé ayé wa bá ti dà bíi ti Indianapolis, kò sí ìdí tí àìsàn wa kò fi ní jọ tiwọn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni dementia

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan rèé: àwọn ìgbàgbé kan wà tí oníṣègùn lè wò sàn pátápátá. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ìyàwó lè mú kí àgbà dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ṣubú ní balùwẹ̀, tó fi orí gbá ilẹ̀, lè ní ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹ̀bá ọpọlọ láì mọ̀. Àìtó fítámì B12, àìṣiṣẹ́ dáadáa ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, oògùn amúnisùn àti àwọn oògùn ara yíyún kan tí a ń dá rà ní kẹ́míìsì, gbogbo wọn lè da iyè àgbà rú. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá dé lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àìsàn mìíràn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, bí ibà tàbí kòkòrò àrùn inú ìtọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Ẹ̀sùn àjẹ́

Mo ní láti sọ èyí ní gbangba. Ìyá arúgbó tó ń jáde lóru, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní olè nítorí kò rántí ibi tó fi owó sí, kò jẹ́ àjẹ́. Bí ẹ bá fi ìbéèrè dà á láàmú títí tó fi ní òun ló pa lágbájá, ọ̀rọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀ lẹ gbọ́. Abala 210 nínú ìwé òfin ọ̀daràn, Criminal Code, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, ó sì lè sọ ẹni tó fẹ̀sùn náà kàn án sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ wá bá. Ẹ gbàdúrà fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ sílé ìwòsàn. Títi àgbà mọ́lé, dídè wọ́n mọ́lẹ̀ àti fífi ebi pa wọ́n kò lé àrùn kankan jáde rí.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń dá kún dementia tí ènìyàn lè ṣe nǹkan sí. Wọ́n ní bí a bá bójú tó gbogbo wọn, a lè dènà tàbí dá nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dúró fún ìgbà kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, àìṣeré ìdárayá, ìdánìkanwà, etí tí kò gbọ́ràn mọ́, ojú tí kò ríran tí a kò sì tọ́jú. Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, kódà bí kò bá sí ibi tó ń dùn yín. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn rẹ̀, ẹ má dá a dúró nítorí ara ti yá. Ẹ máa rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn òpópónà Festac fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ ta ayò, ẹ bá ọmọdé sọ ìtàn.

Fún ẹ̀yin ọmọ: ẹ má dán àgbà wò. "Ta ni mí? Ẹ ò mọ̀ mí mọ́?" Ìbéèrè yẹn ń dójú tì wọ́n. Ẹ sọ pé, "Màmá, èmi Fúnmi ni, mo wá kí yín." Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò wọn. Ẹ sọ fún ará ilé kejì, fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, fún oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà ní ìkòríta. Kí ẹ̀yin tó wà lókè òkun má rò pé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ tó. Ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ilé tó ń tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru nílò ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ kó lè sùn. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló yẹ kó fún un ní ọmú.

Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí iyè yín ṣì jí pépé ni kí ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ sọ ibi tí ìwé ilé wà, àti ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa bá yín bójú tó owó. Ọ̀pọ̀ ìjà lórí ilé ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ì bá ti dènà.

Kò tíì sí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn. Àwọn oògùn bíi donepezil lè ran ìrántí àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tó tètè dé ń fún ẹbí láyè láti múra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Yàtọ̀ sí èyí, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbà láti ọdún 2012.

Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin pé kí wọ́n yan ọjọ́ kan lóṣù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú, etí àti ìrántí àwọn àgbà ní àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé, láìgba owó. Mo bẹ ẹgbẹ́ onílé pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn àgbà tó ń dá gbé sílẹ̀, kí ẹnì kan máa kàn sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí: bí ẹ bá délé, tí ẹ bá ti ń fura sí ìgbàgbé bàbá tàbí màmá yín, tàbí ti ara yín, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún oníṣègùn ní ọ̀sẹ̀ yìí.